Orí Maṣíìnì Tó Wà Nílé Ààrẹ

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ènìyàn ń ṣe jẹun, mi ò tíì rí èyí tó rọrùn tó iṣẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́. Télọ̀ gbọ́dọ̀ ríran. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ lágbára. Àgbẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn gbọ́dọ̀ jí kí oòrùn tó jí. Ṣùgbọ́n ààrẹ, bí ó bá ti lè jókòó pẹ́, tí ó sì lè húkọ́ dáadáa kí ó tó sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Ràmọ́nù Oyèníran ti Ẹ̀jìgbò lè jókòó pẹ́. Ikọ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀.

Kí ẹ tó ní mo ń bú àgbàlagbà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, àwọn télọ̀ Ẹ̀jìgbò rí i pé ebi ń bọ̀. Aṣọ ọ̀kíríkà ti kún ọjà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rán aṣọ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti ọmọ ilé ìwé, Ìbàdàn ni ó ń gbé e lọ, nítorí kò sí ìsọ̀ kan ní Ẹ̀jìgbò tí apá rẹ̀ ká a. Ìsọ̀ tí ó tóbi jù lọ ní maṣíìnì mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣàìsàn.

Baba Làmídì, arúgbó télọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ni ó mú àbá wá. Òun ni ó kọ́ ìdajì àwọn télọ̀ ìlú níṣẹ́.

Ó ní, "Ìsọ̀ wa kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ní sọ pé ìsọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ rán aṣọ kan tán? Èmi mọ aṣọ í gé, ẹ jẹ́ kí n máa gé. Bàrákátù, ihò bọ́tìnnì tìrẹ kò lẹ́gbẹ́, máa ṣe ihò. Wúràọlá ní maṣíìnì wíífù, kí ó máa di etí aṣọ kí ó má baà tú. Àwọn yòókù á máa so ó pọ̀. Ìsọ̀ oníkálukú á ṣì jẹ́ ti oníkálukú. Iṣẹ́ ńlá nìkan ni a ó jọ dà pọ̀ ṣe."

Báyìí ni wọ́n ṣe dá Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Àwọn Ìsọ̀ Télọ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ ilé kéwú kan ní Masifa dán an wò. Aṣọ náà ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn bí omi inú ògùrọ̀ tí ń ro sínú akèrègbè, ó sì parí kí ọjọ́ tó pé. Inú Wúràọlá dùn dé ìdí. Àbíjáǹ ni ó ti gbé maṣíìnì wíífù yẹn bọ̀, níbi tí ó ti ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni baba àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, èdè Faransé ni ó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìlú kò ní maṣíìnì wíífù mìíràn.

Ó wá ku ẹni tí yóò jẹ́ ààrẹ. Àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn ní àwọn kò ráyè. Wọ́n wá ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ràmọ́nù ni ó ráyè jù lọ, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí aṣọ tuntun kan tí ó jáde láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní pálọ̀ ńlá tí a lè ṣèpàdé nínú rẹ̀. Ó ní ohùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìwọ tí ò ń kà á, bí o bá ti pàtẹ́wọ́ fún ènìyàn rí nítorí pé pálọ̀ rẹ̀ tóbi, jọ̀wọ́, má tíì rẹ́rìn-ín.

Ràmọ́nù dìde, ó húkọ́, ó na ọwọ́ agbádá rẹ̀ méjèèjì bí àwòdì tí ó fẹ́ fò.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹdẹ ń gbọ́! Ìwó ń gbọ́! Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń gbọ́, àfi bí ó bá di etí! Láti ọjọ́ tí Ànábì Ádámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ti fi ewé bora ni aráyé ti ń retí ẹni tí yóò jẹ́ olórí fún àwọn tí ń ránṣọ. Wọ́n retí, wọ́n retí, ọrùn ro wọ́n. Lónìí, ìrètí aráyé dópin!"

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀!" Mùkáílà ni ó pariwo bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé gan-an kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀" ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí Ààrẹ bá yán, Mùkáílà á ní, "Yíyán ọlọ́gbọ́n!" Bí Ààrẹ bá sín, Mùkáílà á ní, "Àwọn ọ̀tá ló gbọ́ yẹn o!"

Gbogbo ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ wa mọ òfin ọjọ́ ìpàdé. Ní ọjọ́ Ajé tí ẹgbẹ́ bá ń ṣèpàdé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá bá ọ nídìí iṣẹ́, wọ́n á tú orí maṣíìnì rẹ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ. Tábìlì àti irin ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò kù sílẹ̀. O máa lọ bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà á bá ọ wí, wọ́n á sì gbé e fún ọ lọ́jọ́ kejì. Òfin tí ó dára ni. Kì í jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn kí ó máa gba oníbàárà ẹni tí ó lọ sí ìpàdé.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kéré ní òfin tí ó dára, kí o wá wo ohun tí yóò fi ṣe.

Ààrẹ kọ́kọ́ gba orí maṣíìnì ẹni tí ó pẹ́ dé ìpàdé. Kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn ó gba ti ẹni tí kò dìde nígbà tí òun wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ó gba ti ẹni tí ó dìde, ṣùgbọ́n tí ó kọ́kọ́ na ara kí ó tó dìde tán. Ó gba ti ẹni tí ó kọjá níwájú ilé rẹ̀ lórí ọ̀kadà láì sọ̀kalẹ̀ kí i. Ó gba ti Mùkáílà pàápàá, nítorí pé "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀" jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí Ààrẹ tó sọ̀rọ̀ tán.

Ṣàkírù ni ó ń bá a gbà á. Ọkùnrin gìrìwò ni, télọ̀ ni òun náà, ṣùgbọ́n ṣòkòtò tí ó bá rán, ẹsẹ̀ kan kì í bá èkejì dọ́gba. Ààrẹ fi í jẹ Olórí Agbófinró, ó sì fi bẹ́rẹ́ẹ̀tì pupa dé e lórí. Láti ọjọ́ náà ni Ṣàkírù kò ti ránṣọ mọ́, gbogbo ìlú sì dúpẹ́.

Ẹnì kan fẹ́ fi owó bẹ Ààrẹ. Ààrẹ tutọ́ sílẹ̀.

"Owó! Ṣé olè ni mí? Ọlá ni mo ń gbà."

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba orí maṣíìnì rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ka gbogbo oyè tí Ààrẹ fi jẹ ara rẹ̀: Ààrẹ Àgbà, Abẹ́rẹ́ Wúrà tí ń Rán Ìlú Pọ̀, Baba Gbogbo Òwú, Téèpù tí a fi ń Wọn Ọlọ́gbọ́n. Bí o bá fo ọ̀kan, orí maṣíìnì rẹ á sùn níbẹ̀. Oyè náà sì ń pọ̀ sí i, nítorí Ààrẹ kò níṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Bí oyè ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí maṣíìnì ń pọ̀ ní pálọ̀. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń rí i.

"Baba Ràfíátù, àlejò dé, kò ríbi jókòó."

"Kí ó jókòó lórí maṣíìnì kan."

"Àbúrò mi jókòó sórí ọ̀kan lánàá, abẹ́rẹ́ gún un ní ìdí. Ó ní òun kò tún wá mọ́."

"Ṣé o rí i báyìí? Maṣíìnì pàápàá mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bá mi jókòó."

Àṣàbí wò ó títí. "Ẹ kú ọlá o," ni ó wí, ó sì gbá ilẹ̀ yí àwọn irin náà ká.

Ẹ lè béèrè pé kí ni àwọn télọ̀ ń ṣe tí wọ́n ń wò ó. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún yín, kò sì dùn ún gbọ́. Nígbà tí wọ́n gba orí maṣíìnì ẹni àkọ́kọ́, aládùúgbò rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, nítorí oníbàárà ẹni yẹn ti ń ya ọ̀dọ̀ òun. Nígbà tí wọ́n gba ti aládùúgbò náà, ẹni tí ó kọjú sí i rẹ́rìn-ín. Ẹnu ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, inú wọn ṣì jẹ́ inú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbéraga kì í dá gbé ìlú. Ẹni tí ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ó ń bá a ṣílẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Ọ̀gá Ògúnrìndé dé. Ọ̀gá ilé ìwé ni, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé ní Ẹ̀jìgbò, ní Masifa, ní Ara àti ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ó rán an. Wọ́n fẹ́ kí a rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ náà sójú kan. Ó fi píkọ́ọ̀pù kó ìdì aṣọ wá.

Ó ní, "A gbọ́ nípa aṣọ ilé kéwú tí ẹ rán. Ó wù wá. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìwọlé àwọn ọmọ, a ó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bí ó bá ń lọ, tiyín ni, ọdọọdún ni yóò sì máa jẹ́ tiyín. Bí a bá bá aṣọ nínú ìdì bí a ṣe gbé e wá, Ìbàdàn ni a ó gbé e lọ, a kò sì ní padà síbí mọ́."

Omi lé sójú Baba Làmídì. Ó mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn télọ̀ ọ̀hún ti ń di ẹrù láti lọ wáṣẹ́ ní Àbíjáǹ. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ìsọ̀ á tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní sí ẹgbẹ́ kankan mọ́.

Ààrẹ dìde, ó húkọ́.

"Ọ̀gá Tíṣà, ẹ ti bá ẹni tí ẹ ń wá pàdé! Aṣọ tí èmi bá bojú wò, òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ara rẹ̀! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó tóbi tó báyìí, a kì í kàn án bẹ̀rẹ̀ bí ẹni jẹ ẹ̀kọ. A ó ṣí i! Títí tí n ó fi ṣí i, kí àlùmọ́gàjí kankan má ṣe kan aṣọ yìí!"

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀!"

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí dúró de ìṣíṣẹ́. Wọ́n dúró de fìlà tí Ààrẹ ní kí wọ́n lọ ṣe ọnà sí lára ní Ìṣẹ́yìn. Fìlà dé, ó kéré, nítorí orí Ààrẹ ti wú láàárín ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti ìgbà tí fìlà dé. Wọ́n dá a padà. Aṣọ àwọn ọmọ wà nínú ìdì, eku ń fi imú tọ́ ọ wò.

Ọjọ́ ìṣíṣẹ́ wá kò. Ààrẹ sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Àwọn télọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Wúràọlá náà ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ti ń retí kí ọ̀rọ̀ parí kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irin náà ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Ààrẹ dákẹ́ lójijì. "Ìwọ obìnrin yìí. Irin mímú ni o fi ń pàtẹ́wọ́ fún mi? Ṣé o fẹ́ gé ọlá mi ni?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló wà lọ́kàn mi. Aṣọ àwọn ọmọ ló wà nílẹ̀."

"Ọ̀gá! Ẹ gbọ́ o! Ó pè mí ní ọ̀gá bí ẹni ń pe awakọ̀! Níbo ló gbé Abẹ́rẹ́ Wúrà sí? Níbo ló gbé Baba Gbogbo Òwú sí? Ṣàkírù!"

Ṣàkírù gbé orí maṣíìnì wíífù lọ. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà ní ìlú.

Ohun tí ó tẹ̀lé e yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọlọ́gbọ́n ni ó ṣe é. Baba Làmídì gé aṣọ. Àwọn ìsọ̀ so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí a ti ń di etí aṣọ, ó dúró, nítorí Wúràọlá kò ní orí maṣíìnì. Ihò bọ́tìnnì kò lè ṣáájú etí aṣọ, nítorí náà Bàrákátù ká ọwọ́ lẹ́rán. Ààrẹ jáde rìn kiri.

"Bàrákátù, kí ló dé tí o jókòó lásán?"

"Aṣọ kò tíì ti ọ̀dọ̀ Wúràọlá dé ni, Ààrẹ Àgbà, Abẹ́rẹ́ Wúrà…"

"Ọ̀lẹ! Ṣàkírù, gbé orí maṣíìnì rẹ̀!"

Àwọn tí ń so aṣọ pọ̀ rí i pé èyí tí àwọn ti ṣe ń ga nílẹ̀ bí òkìtì, etí rẹ̀ ń tú, wọ́n sì rọra dúró. Ààrẹ dé ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ ò ṣiṣẹ́! Ẹ ń ba orúkọ mi jẹ́!" Ó gba tiwọn náà. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń dúró ni ó ń gba orí maṣíìnì, bí ó bá sì ṣe ń gba orí maṣíìnì ni iṣẹ́ ń dúró. Ẹni tí ó so adìẹ lẹ́sẹ̀, tí ó wá ń nà án nítorí pé kò rìn, bí ẹ bá ti rí i rí, ẹ ti rí Ààrẹ wa.

Nígbà tí ó fi di Ọjọ́rú, tí àyẹ̀wò ku ọ̀la, kò sí orí maṣíìnì kan ní ìsọ̀ kankan mọ́. Wúràọlá gbéra, ó lọ kúnlẹ̀ sí pálọ̀ Ààrẹ láàárín àwọn irin. Ó ti kọ́ oyè náà lórí láti àárọ̀. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, kò fo ọ̀kankan.

Ààrẹ mi orí. "O gbàgbé ọ̀kan. Kìnnìún Inú Bọ́bìn."

"Mi ò gbọ́ ìyẹn rí, Ààrẹ."

"Àárọ̀ yìí ni mo jẹ ẹ́. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Báwo wá ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún mi á ti mọ̀ ọ́n."

Wúràọlá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Sẹ́ fíní," ni ó wí. "Ó parí nìyẹn."

Ó gba ìsọ̀ Baba Làmídì lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn kóra jọ sí, wọ́n ti ọwọ́ bọ àárín itan. Àwọn kan ní kí àwọn lọ já ilẹ̀kùn Ààrẹ. Baba Làmídì kọ̀.

"Ẹ já ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá á dé, Ọ̀gá Ògúnrìndé á sì bá wa ní àtìmọ́lé. Òfin ni òfin. Ààrẹ ní orí maṣíìnì kò gbọ́dọ̀ jáde nílé òun."

Wúràọlá gbójú sókè. "Baba, ǹjẹ́ ó ṣe òfin pé ẹsẹ̀ maṣíìnì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ìsọ̀ gbà á.

"Irin ẹsẹ̀ wúwo o," ni ẹnì kan wí.

"Ó wúwo tó ẹrù Àbíjáǹ?" ni Wúràọlá dá a lóhùn. "Mo ti ru ìyẹn rí. Ẹ ru èyí."

Bàrákátù súnmọ́ ọn. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá Àbíjáǹ, nígbà tí wọ́n gbé tìrẹ lọ, mo rẹ́rìn-ín."

"Mo rí ọ. Gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì rẹ síta kí a nu eruku rẹ̀."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ààrẹ yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí èrò. Ọkùnrin ru irin, obìnrin ru tábìlì, Baba Làmídì ru ìdì aṣọ àwọn ọmọ, àwọn télọ̀ tó wá láti ìlú Ara so tiwọn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Gbogbo wọn dojú kọ ilé rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò já rárá. Kí ni ìbá fi já? Ẹni tí ó ti ń retí kí gbogbo ayé wá júbà òun, bí ó bá rí ayé tí ń bọ̀, á ní ó ti pẹ́ jù.

"Àṣàbí! Agbádá mi! Wọ́n ti dé! Wọ́n gbé ẹ̀bùn lérí!"

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó húkọ́. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọjọ́ tí mo ti ń sọ fún yín nìyí!"

"Ẹ kú ọlá o, Ààrẹ," ni wọ́n ń wí, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Àṣàbí ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbalaja. "Ẹ wọlé o. Ẹ rọra, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀. Bàrákátù, tìrẹ wà lẹ́yìn rédíò. Baba Làmídì, ẹ kú ewu ẹrù."

Oníkálukú rí orí maṣíìnì rẹ̀, ó gbé e ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa bẹ́líìtì sí i. Pálọ̀ kún, wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tò dé abẹ́ igi furútù. Ààrẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ níta. Ó ti dé ibi tí òun ti fẹ́ fi oyè tuntun lọ̀ wọ́n nígbà tí maṣíìnì àkọ́kọ́ ké. Èkejì tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń gbọ̀n bí ọlọ ẹ̀lùbọ́. Ẹnu Ààrẹ ń ṣí, ó ń pa dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Mùkáílà tẹ́tí síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wá ibi tí òun yóò ti sọ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí. Ó wọlé, ó wá orí maṣíìnì tirẹ̀, ó jókòó tì í.

Ààrẹ sáré wọlé. "Ṣàkírù! Gba gbogbo orí maṣíìnì wọ̀nyí!"

Ṣàkírù ṣí bẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó họ orí. "Ẹ̀yin Ààrẹ, bí mo bá gbà á, ibo ni kí n gbé e lọ? Ilé yín náà ló wà."

Níbẹ̀ ni Ọ̀gá Ògúnrìndé àti àwọn òbí tẹ̀lé ariwo maṣíìnì dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wo aṣọ bí ó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Wúràọlá ń di etí aṣọ, Bàrákátù ń ṣe ihò. Ọ̀gá Ògúnrìndé yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ààrẹ," ni ó wí, "mo kí yín. Ẹ kó iṣẹ́ wọ pálọ̀ ara yín nítorí àwọn ọmọ wa?"

Ẹ gbọ́ mi. Bí ọkùnrin yìí bá kàn sọ pé "Àwọn ni ẹ kí," ojú kì bá tí tì í, ipò rẹ̀ kì bá sì tí bọ́. Ṣùgbọ́n ìyìn bọ́ sílẹ̀, kò sì lè rí ìyìn nílẹ̀ kí ó má bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó na ọwọ́ agbádá.

"Èmi ni mo ṣètò rẹ̀! Èmi fúnra mi ni mo kó wọn jọ! Nídìí iṣẹ́ yìí, èmi ni mo ń ṣíwájú, àwọn ń tẹ̀lé mi!"

"Ó dára púpọ̀," ni Ọ̀gá Ògúnrìndé wí. "Maṣíìnì tiyín dà? Àwọn òbí á fẹ́ rí olórí nídìí iṣẹ́."

"Ó wà ńbí," ni Àṣàbí wí. Ó gbé òdòdó rọ́bà kúrò lórí nǹkan kan ní igun pálọ̀, ó ká aṣọ orí rẹ̀. Maṣíìnì Ààrẹ ni. Ó fi òwú bọ̀ ọ́ lójú abẹ́rẹ́ fún un, ó sì fa àga.

Ààrẹ jókòó. Ó ki ẹsẹ̀ bọ irin.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀ rí mọ ohun tí ojú ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀. O máa fi ẹsẹ̀ tẹ irin, dípò kí kẹ̀kẹ́ yí síwájú, ẹ̀yìn ni yóò yí sí, òwú á lọ́ pọ̀, á já. Àmì pé ẹsẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá kì í na ọmọ iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Á kàn ní kí ó sọ̀ sí ẹní, kí ó lọ máa fi ọwọ́ gán bọ́tìnnì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbọ́n.

Ààrẹ tẹ irin. Kẹ̀kẹ́ yí sẹ́yìn. Òwú lọ́, ó já. Ó tún un tẹ̀, ó tún yí sẹ́yìn. Àwọn maṣíìnì yòókù dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó ti ń fi òfin wá láti ọjọ́ tí ó ti di ààrẹ wá dé wẹ́rẹ́, ó sì gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ òun ṣe ń yí sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn sí ojúrere wọn. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín ara wọn tó.

Baba Làmídì ni ó sọ̀rọ̀. Òun ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà èwe. Kò pe Abẹ́rẹ́ Wúrà, kò pe Kìnnìún. Ohùn tí ó fi sọ ọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún náà ni ó fi sọ ọ́.

"Ràmọ́nù, sọ̀ sí ẹní."

Ẹsẹ̀ Ràmọ́nù gbọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́. Ó ti dìde, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti jókòó sórí ẹní pẹ̀lú agbádá àti fìlà ọlọ́nà, kí ó tó rántí ẹni tí òun jẹ́. Nígbà náà Àṣàbí ti gbé abọ́ bọ́tìnnì síwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú abẹ́rẹ́.

Ọ̀gá Ògúnrìndé mú ẹ̀wù kan tí ó ti parí, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká, ó sì tẹ́ ẹ padà. "Iṣẹ́ dára," ni ó wí fún Wúràọlá. "Ẹ máa bá a lọ."

Ní ọjọ́ ìwọlé, àwọn ọmọ wọ yunifọ́ọ̀mù láti Ẹ̀jìgbò dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àwọn tí ń di ẹrù Àbíjáǹ tú u. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìpàdé, ẹgbẹ́ pinnu pé ẹni tí iṣẹ́ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe olórí mọ́, wọ́n sì fi Wúràọlá síbẹ̀. Ó ní òun kò ráyè. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Wọ́n fi òfin ọjọ́ ìpàdé sílẹ̀ bí ó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí oyè nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ á wá, á sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́," á gba orí maṣíìnì rẹ̀.

Ràmọ́nù kò wá sí ìpàdé ọjọ́ náà. Ó wà nílé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń tẹ irin, ó fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí síwájú. Ṣàkírù tí ń ti ìpàdé bọ̀ gbọ́ ọ. Ó dúró, ó ronú, ó sì kanlẹ̀kùn. Òfin ni òfin. Ó ṣí bẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò lórí, ó kí Ràmọ́nù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì gbé orí maṣíìnì Ràmọ́nù lọ.

Orí maṣíìnì náà wà lórí pẹpẹ ní ìsọ̀ Baba Làmídì. Ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, wọ́n ń ta epo sí i kí ó má baà dípẹtà.

"Baba Ràfíátù," ni Àṣàbí ń wí fún un, "'Ẹ jọ̀ọ́,' ọ̀rọ̀ méjì péré ni."

"Mo ń rò ó."

Ó ṣì ń rò ó. Àṣàbí ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì tí ó kù ní pálọ̀, tí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Orí tábìlì náà ni ó ń gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kà. Ràmọ́nù á jókòó tì í, á húkọ́, á sì máa jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ irin nísàlẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn.